Ẹ̀gẹ́ Nínú Oúnjẹ Adìẹ Brọ́ílà: Ohun Tí Olùkọ́ Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Lè Fi Yé Akẹ́kọ̀ọ́ àti Olùsìn Adìẹ ní Fadikpe

Ìfáárà

Adìẹ brọ́ílà ni adìẹ tí a ń sìn fún ẹran, tí kì í ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ kí ó tó dé ọjà. Nínú owó tí olùsìn rẹ̀ ń ná, oúnjẹ ló ń gba èyí tó pọ̀ jù. Bí ó bá ná 100 náírà, nǹkan bí 60 sí 70 ló ń bá oúnjẹ lọ. Nínú oúnjẹ yìí kan náà, àgbàdo ló sábà máa ń kó ìdajì tàbí kí ó lé díẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí àgbàdo bá gbówó lórí, olùsìn adìẹ ló kọ́kọ́ ń pariwo. Ẹni tó ń sin àádọ́ta tàbí ọgọ́rùn-ún adìẹ lẹ́yìnkùlé rẹ̀ kò ní owó ìpamọ́ tí yóò fi dúró de ìgbà tí ọjà yóò rọ̀. Ṣe ni yóò ti ilé adìẹ pa.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ wa bá lọ sí Fadikpe nínú ìlú Minna láti bá irú olùsìn bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, ìbéèrè kan ni yóò kọ́kọ́ pàdé: "Tíṣà, ṣé mo lè fi ẹ̀gẹ́ rọ́pò àgbàdo?" Ìdáhùn méjì ló wọ́pọ̀ sí ìbéèrè yìí. Àwọn kan ní kò ṣeé ṣe, nítorí pé májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́, ó sì ń pa adìẹ. Àwọn mìíràn ní ó ṣeé ṣe, pé kí ó kàn yọ àgbàdo kúrò kí ó da ẹ̀gẹ́ sí i ní kílò sí kílò. Ìdáhùn kìíní ń dẹ́rù bani láìnídìí. Ìdáhùn kejì ń kó olùsìn sí gbèsè.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú iṣẹ́ yìí ni pé ẹ̀gẹ́ lè wọ oúnjẹ brọ́ílà, ó sì lè dín owó kù, ṣùgbọ́n kì í dá wọ ibẹ̀. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Sóyà àti epo gbọ́dọ̀ bá ẹ̀gẹ́ rìn, a sì gbọ́dọ̀ ka owó àwọn méjèèjì mọ́ owó ẹ̀gẹ́ kí a tó sọ pé ó wọ́n tàbí kò wọ́n. A ó ṣàlàyé ohun tó wà nínú ẹ̀gẹ́, bí a ṣe ń lé májèlé rẹ̀ jáde, bí a ṣe ń ṣe ìṣirò rẹ̀, àti bí a ṣe lè fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE tí yóò jáde lọ di olùkọ́.

Ìdí tí àgbàdo fi ń wọ́n

Àgbàdo kì í ṣe oúnjẹ adìẹ nìkan. Àwa ènìyàn ń fi ṣe ẹ̀kọ, ògì àti túwó. Ilé iṣẹ́ ọtí ń rà á. Ilé iṣẹ́ oúnjẹ ẹran ọ̀sìn náà ń rà á. Gbogbo wọn ló ń pàdé lórí àpò àgbàdo kan náà. Ní ọdún 2016, kòkòrò tí àwọn onímọ̀ ń pè ní fall armyworm kọ́kọ́ fara hàn ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti ń jẹ ewé àti ọmọ àgbàdo lóko. Ní oṣù Keje ọdún 2020, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà dá fífún àwọn oníṣòwò ní owó ilẹ̀ òkèèrè fún kíkó àgbàdo wọlé dúró. Nígbà tí ó di oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ìjọba tún ní láti yọ̀ǹda fún ilé iṣẹ́ mẹ́rin kí wọ́n kó 262,000 tọ́ọ̀nù wọlé, nítorí pé àgbàdo kò tó fún àwọn olùsìn adìẹ mọ́.

Ẹ̀gẹ́ ní tirẹ̀ ń bẹ lọ́dọ̀ wa lọ́pọ̀lọpọ̀. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Àwọn ará Pọtogí ló gbé e dé etíkun Áfíríkà ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Lónìí, kò sí orílẹ̀-èdè tó ń gbin ẹ̀gẹ́ tó Nàìjíríà ní gbogbo ayé. Ìpínlẹ̀ Niger náà ń gbìn ín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣu, ìrẹsì, àgbàdo àti ọkà bàbà ni àwọn ènìyàn tètè ń rántí tí a bá dárúkọ ìpínlẹ̀ náà. Ẹni tó bá dé ọjà Minna tó bá béèrè rogo fún ẹ̀gẹ́ àti masara fún àgbàdo yóò rí méjèèjì rà.

Ìmọ̀ nípa fífi ẹ̀gẹ́ bọ́ ẹran ọ̀sìn kì í ṣe tuntun ní Nàìjíríà. Ọ̀jọ̀gbọ́n V. A. Oyenuga ní Yunifásítì Ìbàdàn ti kọ ìwé lórí oúnjẹ ènìyàn àti ti ẹran ọ̀sìn ní ilẹ̀ wa láti ọdún 1955. Ọ̀jọ̀gbọ́n O. O. Tewe, ní yunifásítì kan náà, lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ àti ẹran ọ̀sìn, Àjọ FAO sì gbé ìwé rẹ̀ lórí kókó yìí jáde ní ọdún 2004. Ilé ìwádìí IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967, ti mú ọ̀pọ̀ irú ẹ̀gẹ́ tuntun jáde. Nítorí náà, a kò ṣàìní ìmọ̀. Ohun tó kù ni kí ìmọ̀ náà dé ẹ̀yìnkùlé olùsìn adìẹ, kí ó sì dé ibẹ̀ láìdín.

Ohun tó wà nínú ẹ̀gẹ́ àti nínú àgbàdo

Oúnjẹ adìẹ ń ṣe iṣẹ́ méjì pàtàkì. Ó ń fún adìẹ ní agbára, èyí ni iṣẹ́ èròjà afáralókun. Ó sì ń mọ ẹran sí i lára, èyí ni iṣẹ́ èròjà amúaradàgbà. Àgbàdo ń ṣe iṣẹ́ kìíní dáadáa, ó sì ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ kejì. Ẹ̀gẹ́ ń ṣe iṣẹ́ kìíní nìkan.

Nínú kílò kan àgbàdo gbígbẹ, agbára tí adìẹ lè rí lò jẹ́ nǹkan bí 3,350 kílòkálórì. Nínú kílò kan ẹ̀gẹ́ gbígbẹ tí a ti bó, ó jẹ́ nǹkan bí 3,100. Ìyàtọ̀ yẹn kò pọ̀. Ṣùgbọ́n amúaradàgbà tó wà nínú 100 kílò àgbàdo tó kílò mẹ́sàn-án, nígbà tí ti ẹ̀gẹ́ kò ju kílò méjì sí mẹ́ta lọ. Èyí tó wà nínú ẹ̀gẹ́ náà kò sì ní methionine tó. Methionine sì ni èròjà tí ó kọ́kọ́ máa ń dín fún adìẹ brọ́ílà nínú oúnjẹ tí a fi àgbàdo àti sóyà pò.

Bí olùsìn bá yọ 20 kílò àgbàdo tó sì da 20 kílò ẹ̀gẹ́ sí i, ó ti yọ kílò 1.8 amúaradàgbà, kò sì dá ju ààbọ̀ kílò padà. Adìẹ náà kò ní kú. Yóò máa jẹun, yóò máa mu omi, yóò máa rìn káàkiri, ṣùgbọ́n kò ní sanra. Olùsìn yóò rí i pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ pé, adìẹ kò sì tíì tó tà. Yóò fi ọ̀sẹ̀ méjì kún un, yóò ra oúnjẹ sí i, yóò sì di ẹ̀bi ru májèlé inú ẹ̀gẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe májèlé ló fà á. Àìtó amúaradàgbà ni.

Àléébù mẹ́ta mìíràn tún wà. Èkíní, ẹ̀gẹ́ tí a lọ̀ máa ń kù bí eruku, ó ń dí imú adìẹ, kì í sì í jẹ ẹ́ tó bó ṣe yẹ. Epo pupa díẹ̀ tàbí omi díẹ̀ ní àkókò jíjẹ ni a fi ń mú eruku náà rọlẹ̀. Èkejì, ẹ̀gẹ́ funfun kò ní àwọ̀ tí àgbàdo pípọ́n ní, nítorí náà awọ adìẹ máa ń funfun, àwọn oníbàárà kan kò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀.  Ẹ̀gẹ́ aláwọ̀ òfééfèé tó ní fítámì A náà wà, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí fún àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà ní ọdún 2011. Ẹ̀kẹta, ẹ̀gẹ́ tútù kì í pẹ́ bàjẹ́. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí a bá ti wú u, ó ti ń di dúdú nínú. Ẹni tó bá rà á gbọ́dọ̀ ti múra láti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Májèlé inú ẹ̀gẹ́ àti bí a ṣe ń lé e jáde

Òótọ́ ni pé ẹ̀gẹ́ ní májèlé, ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ dípò kí ó kàn máa bẹ̀rù rẹ̀. Èròjà kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tí ń jẹ́ linamarin. Bí ó ti wà yẹn, kò tíì di májèlé. Ènsáìmù kan tún wà nínú ẹ̀gẹ́ kan náà tí ń jẹ́ linamarase, ṣùgbọ́n yàrá ọ̀tọ̀ ni ó wà. Nígbà tí a bá bó ẹ̀gẹ́, tí a gé e tàbí tí a rin ín, ògiri àárín wọn wó. Ènsáìmù náà pàdé linamarin, ó fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, gáàsì sáyánáìdì sì jáde. Gáàsì yìí ni májèlé. Ṣùgbọ́n ó fúyẹ́ púpọ̀. Oòrùn Minna nìkan tó láti mú un fò lọ, ó sì ń bá omi lọ pẹ̀lú.

Ẹni tó bá lóye èyí yóò mọ ìdí tí àwọn ìyá wa fi ń rin ẹ̀gẹ́ kí wọ́n tó yan gaàrí, tí wọ́n sì ń rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí wọ́n tó sá láfún. Yóò tún mọ ìdí tí sísè ẹ̀gẹ́ odidi lójú ẹsẹ̀ kò fi tó fún ẹ̀gẹ́ kíkan: iná pa ènsáìmù náà kí ó tó ṣiṣẹ́ tán, linamarin sì ṣẹ́ kù síbẹ̀. Rírin, fífún omi rẹ̀, àti sísá a sí oòrùn ni ọ̀nà tó dára jù fún oúnjẹ adìẹ. Gígé e wẹ́wẹ́ kí a sá a náà dára.

Irú ẹ̀gẹ́ kò dọ́gba. Èyí tí sáyánáìdì inú rẹ̀ kò tó mílígíráàmù 50 nínú kílò kan tútù ni a ń kà sí ẹ̀gẹ́ dídùn. Èyí tó bá kọjá 100 léwu bí a kò bá ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ dáadáa. Fún ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí ènìyàn yóò jẹ, òdiwọ̀n ìlànà oúnjẹ àgbáyé kò ju mílígíráàmù mẹ́wàá nínú kílò kan lọ. Ìmọ̀ràn wa fún olùsìn kékeré tí kò ní ilé àyẹ̀wò ni pé kí ó máa fi òdiwọ̀n ìyẹ̀fun tirẹ̀ ṣe ìṣọ́: ẹ̀gẹ́ tí òun àti ẹbí rẹ̀ lè fi ro àmàlà láfún láìbẹ̀rù ni kí ó fún adìẹ.

Ara adìẹ náà ní ọ̀nà tí ó fi ń pa sáyánáìdì díẹ̀díẹ̀ lára. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń so ó pọ̀ mọ́ imí-ọjọ́, ó sì ń dà á nù. Ṣùgbọ́n láti inú methionine àti irú rẹ̀ ni imí-ọjọ́ yìí ti ń wá. Ẹ̀gẹ́ tí kò ní methionine tó ni ó tún ń mú kí adìẹ ná èyí tó ní. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ẹni tó bá ń lo ẹ̀gẹ́ kò gbọ́dọ̀ yọ methionine kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀ láti dín owó kù; ibẹ̀ gan-an ni kò ti yẹ kí ó dín in.

Ewu kan wà tó burú ju sáyánáìdì lọ ní àkókò òjò, òun ni bíbu. Láti nǹkan bí oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá ni òjò ń rọ̀ ní Minna. Ẹ̀gẹ́ tí kò tètè gbẹ yóò bu, èyí tó bá sì bu lè ní májèlé tí ń jẹ́ aflatoxin, tó ń ba ẹ̀dọ̀ adìẹ jẹ́. Sáyánáìdì ń fò lọ nínú oòrùn. Aflatoxin kì í lọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ìgbà ẹ̀rùn àti ọyẹ́ ni àkókò sísá ẹ̀gẹ́ fún oúnjẹ adìẹ, kí a sì tọ́jú rẹ̀ sínú àpò gbígbẹ lórí pákó, kì í ṣe lórí ilẹ̀. Èyí tó gbẹ dáadáa máa ń ké pàkà bí a bá ṣẹ́ ẹ. Èyí tó bá tẹ̀ láìṣẹ́ kò tíì gbẹ.

Ìṣirò tó yẹ kí olùsìn ṣe

A ti rí i pé ẹ̀gẹ́ kì í dá rọ́pò àgbàdo. Kí wá ni ó ń rọ́pò rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a mú 20 kílò àgbàdo nínú 100 kílò oúnjẹ. Agbára inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 67,000 kílòkálórì, amúaradàgbà inú rẹ̀ sì jẹ́ kílò 1.8. Bí a bá fi ohun mẹ́ta yìí dípò rẹ̀:

Ẹ̀gẹ́ gbígbẹ: kílò 15
Sóyà tí a ti fún òróró rẹ̀: kílò 3.5
Epo pupa: kílò 1.5

àpapọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ 20 kílò náà. Agbára rẹ̀ yóò tó 66,300 kílòkálórì, amúaradàgbà rẹ̀ yóò sì tó kílò 1.9. Méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti àgbàdo dọ́gba. Òun ni a lè pè ní ìrọ́pò tòótọ́.

Ọ̀rọ̀ owó ló kàn. Ká ní kílò àgbàdo jẹ́ ₦500, ti sóyà jẹ́ ₦900, ti epo jẹ́ ₦2,000. Àpẹẹrẹ fún kíláàsì ni iye wọ̀nyí. Olúkúlùkù yóò fi iye ọjà ọjọ́ tirẹ̀ sí i. 20 kílò àgbàdo yóò jẹ́ ₦10,000. Sóyà yóò gba ₦3,150, epo yóò gba ₦3,000, àpapọ̀ wọn jẹ́ ₦6,150. Ohun tó ṣẹ́ kù fún 15 kílò ẹ̀gẹ́ ni ₦3,850. Èyí túmọ̀ sí pé bí kílò ẹ̀gẹ́ gbígbẹ bá kọjá ₦256, olùsìn ti ń pàdánù. Ẹ̀gẹ́ gbọ́dọ̀ wá ní nǹkan bí ìdajì iye àgbàdo kí ó tó lérè.

Ẹ̀gẹ́ tútù tó ń di kílò kan gbígbẹ sì tó kílò mẹ́ta, ó lè sún mọ́ mẹ́rin. Nínú ₦256 yẹn, nǹkan bí ₦85 péré ló kan kílò kọ̀ọ̀kan ẹ̀gẹ́ tútù, inú rẹ̀ ni owó bíbó, rírin, ọkọ̀ àti sísá yóò sì ti jáde. Ẹni tó bá rí i lójú pé ẹ̀gẹ́ pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Paiko tó sì rò pé owó ti dé, ìṣirò yìí ni kí ó kọ́kọ́ ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo ohun kan tó máa ń ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu. Bí àgbàdo bá fò láti ₦500 sí ₦700 tí sóyà àti epo kò yí padà, ẹ̀gẹ́ gbígbẹ tó lérè yóò di ₦523. Àgbàdo fi 40 nínú 100 lékún, ṣùgbọ́n iye tí ẹ̀gẹ́ tó di ìlọ́po méjì. Bí àgbàdo bá sì rọ̀ sí ₦400, ẹ̀gẹ́ kò gbọ́dọ̀ ju ₦123 lọ. Nítorí náà, kò sí ìdáhùn kan tó dúró títí sí ìbéèrè olùsìn Fadikpe. Ìdáhùn rẹ̀ ń yí pẹ̀lú ọjà, ìṣirò yìí nìkan ni kì í yí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará Thailand fi èyí hàn. Láàárín ọdún 1970 sí 1990, wọ́n ń kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ gbígbẹ lọ sí Yúróòpù fún oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, pàápàá ní Netherlands. Kì í ṣe pé ẹ̀gẹ́ dára ju ọkà ilẹ̀ Yúróòpù lọ. Òfin ilẹ̀ náà ló mú kí ọkà wọ́n gidigidi, nígbà tí owó ibodè lórí ẹ̀gẹ́ àti sóyà kéré. Àwọn ilé iṣẹ́ oúnjẹ ẹran pa ẹ̀gẹ́ àti sóyà pọ̀, wọ́n sì fi rọ́pò ọkà. Nígbà tí wọ́n tún òfin náà ṣe ní ọdún 1992 tí ọkà sì rọ̀, ọjà ẹ̀gẹ́ ibẹ̀ lọ sílẹ̀. Ìṣirò kan náà tí a ṣe lókè yìí ni wọ́n ń ṣe.

Fún ìwọ̀n, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ọmọ adìẹ má jẹ ẹ̀gẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Láti ọ̀sẹ̀ kejì dé ìkẹrin, kí ẹ̀gẹ́ gbígbẹ má ju 10 kílò lọ nínú 100. Láti ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó lè di 15 sí 20. Kí ìyípadà oúnjẹ sì gba ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Sóyà tí a bá sì lò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí iná ti kàn. Sóyà tútù kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú adìẹ. Kúlíkúlí, tó pọ̀ ní Minna, lè gba díẹ̀ nínú iṣẹ́ sóyà, ṣùgbọ́n lysine àti methionine inú rẹ̀ kéré sí ti sóyà, ẹ̀pà tó ti bu sì kún fún aflatoxin.

Èèpo ẹ̀gẹ́: ohun tí a ń dà nù

Bí iṣu ẹ̀gẹ́ bá wọ́n nítorí gaàrí, èèpo rẹ̀ ṣì wà. Ní ibikíbi tí a bá ti ń ṣe gaàrí, òkìtì èèpo máa ń wà lẹ́yìn ilé, tí ń rà tí ó sì ń rùn, títí tí wọn yóò fi sun ún. Májèlé inú èèpo pọ̀ ju ti iṣu lọ, ó sì ní okun púpọ̀ tí adìẹ kò lè dà. Fún ìdí yìí ni a kò fi gbọ́dọ̀ kàn sá a kí a lọ̀ ọ́.

Àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ ìwádìí ILRI àti IITA ní Ìbàdàn gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn tó yanjú èyí, ẹ̀rọ gaàrí tí a ti ní náà ni wọ́n sì ń lò. Lọ́jọ́ tí a bó èèpo náà, a ó ṣa òkúta àti ìdí igi kúrò, a ó rin ín ní ẹ̀rọ títí tí yóò fi kúnná, a ó fi jáàkì fún omi rẹ̀, a ó tú u, a ó kù ú, a ó sì sá a tàbí kí a yan án nínú agbada. Èyí tó kúnná ni ti adìẹ àti ẹlẹ́dẹ̀; èyí tó ṣẹ́ kù lórí asẹ́, tó kún fún okun, ni ti màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́. Èèpo tí ń gba ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kí ó tó gbẹ tẹ́lẹ̀ ń gbẹ láàárín wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ bí oòrùn bá wà, nítorí náà kì í ráyè bu. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta èèpo tútù ń di nǹkan bí tọ́ọ̀nù kan gbígbẹ.

Èèpo kíkúnná yìí kò ní agbára tó iṣu ẹ̀gẹ́. Kí olùsìn brọ́ílà má fi ju 10 kílò sínú 100 lọ, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹrin. Ṣùgbọ́n owó tí èèpo ń ná kéré, ẹni tó sì ń jẹ èrè rẹ̀ kì í ṣe olùsìn adìẹ nìkan. Obìnrin tó ń ṣe gaàrí, tó ń sanwó kí wọ́n lè kó èèpo kúrò, yóò di ẹni tí a ń sanwó fún.

Bí a ṣe lè fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́

Kókó yìí bá ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Àgbẹ̀ mu gan-an, nítorí ó so kẹ́místrì, ìṣirò, ọrọ̀ ajé àti iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀. A dábàá pé kí ọgbà adìẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan ṣe àyẹ̀wò kékeré pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́. Kí wọ́n pín adìẹ ọlọ́sẹ̀ mẹ́rin sí yàrá mẹ́fà tí iye àti ìwọ̀n wọn dọ́gba. Kí yàrá mẹ́ta jẹ oúnjẹ àgbàdo, kí mẹ́ta jẹ oúnjẹ tí a fi ìrọ́pò tòótọ́ pò. Kí wọ́n wọn oúnjẹ lójoojúmọ́, kí wọ́n sì wọn adìẹ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ìbéèrè ìkẹyìn tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò dáhùn kì í ṣe "Oúnjẹ wo ló pọ́ọ́kú?" Ohun tí yóò dáhùn ni "Oúnjẹ wo ló mú kílò kan ẹran wá ní owó kékeré?" Ká ní kílò oúnjẹ àgbàdo jẹ́ ₦600, tí kílò méjì rẹ̀ sì ń di kílò kan ẹran: ₦1,200 ni ẹran náà ná wa. Ká ní kílò oúnjẹ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ jẹ́ ₦560, ṣùgbọ́n a kò fi sóyà tó sí i, kílò 2.2 ló sì ń di kílò kan ẹran: ₦1,232 ni. Oúnjẹ tó dín ₦40 ni ó mú ẹran tó wọ́n jù wá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ rí èyí kò ní jáde lọ tan olùsìn kankan jẹ.

Ọ̀rọ̀ èdè náà ṣe pàtàkì. Ní Minna, akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá yóò bá olùsìn tó ń sọ Haúsá, Nupe tàbí Gbagyi pàdé. Kí ìtọ́ni tí a bá tẹ̀ jáde wà ní èdè tí olùsìn ń lò lọ́jà, kí iye inú rẹ̀ sì jẹ́ kílò tàbí mọ́dù tí ó mọ̀, kì í ṣe ìdá nínú ọgọ́rùn-ún nìkan.

Ìgúnlẹ̀ àti àbá

A ti ṣàlàyé pé májèlé ẹ̀gẹ́ ṣeé lé jáde, àti pé àìtó amúaradàgbà ni ó sábà máa ń mú kí adìẹ tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ má sanra. A sì ti fi hàn pé iye tó yẹ kí a ra ẹ̀gẹ́ ń yí pẹ̀lú iye àgbàdo, sóyà àti epo. Nítorí náà, a dábàá pé:

1. Kí àwọn olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì jáwọ́ nínú kíkọ́ni pé ẹ̀gẹ́ ń rọ́pò àgbàdo ní kílò sí kílò.

2. Kí ìṣirò owó ìrọ́pò wọ inú iṣẹ́ ṣíṣe fún akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n sì máa fi iye ọjà ọ̀sẹ̀ náà ṣe é.

3. Kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì bá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń ṣe gaàrí ṣe àdéhùn lórí èèpo, kí wọ́n sì fi ọ̀nà ìṣe rẹ̀ hàn wọ́n.

4. Kí sísá ẹ̀gẹ́ fún oúnjẹ adìẹ jẹ́ iṣẹ́ ìgbà ẹ̀rùn, kí a sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nínú kàlẹ́ńdà oko kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Bí olùsìn Fadikpe bá tún béèrè bóyá òun lè fi ẹ̀gẹ́ rọ́pò àgbàdo, kí akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ́kọ́ bi í pé: "Èló ni àgbàdo lónìí? Èló ni sóyà? Èló ni epo?" Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n jọ mú bírò.